Sí Olóòtú: Ta ló ní orin 21 ti pọ̀ jù?

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú akitiyan. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí sójú ewé yín, mo mọ̀ pé ó gùn, ẹ ṣáà fara dà á. Ẹnì kan kọ̀wé sí yín lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, ìlà mélòó kan péré ni, ó ní ayé àwo orin ti kọjá, pé sínǹgù, ìyẹn orin ẹyọ kan, ló kù táráyé ń gbọ́, àti pé olórin tó bá kó orin tó ju mẹ́wàá lọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, kò mọ èyí tó dáa nínú iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni, ó wá fi kún un pé àwọn àgbà olórin ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ jù, kí wọ́n yáa lọ sinmi. Háà! Mo kí ẹni yẹn o, n ò bá a jà, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, torí àwo kan tí mo fẹ́ràn gan-an ló wá sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Báǹdì Wilco ti ìlú Chicago ní Amẹ́ríkà ló ṣe é, Cruel Country ni wọ́n pè é, oṣù karùn-ún ọdún 2022 ló jáde, orin 21, apá méjì, wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó lé ni kó o tó gbọ́ ọ tán. Àwọn tó sì ṣe é kì í ṣe ọmọ kékeré, Jeff Tweedy tó jẹ́ olórí wọn ti pé ẹni ọdún 54 nígbà yẹn.

Fún àwọn tí ò bá mọ̀ wọ́n, ẹ jẹ́ n yára sọ ìtàn wọn. Báǹdì kan wà tẹ́lẹ̀ tó ń jẹ́ Uncle Tupelo, ọmọ Belleville ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Illinois. Tweedy àti Jay Farrar ni wọ́n jọ ń darí ẹ̀, rọ́ọ̀kì aláriwo ni wọ́n ń lù tí wọ́n sì ń da kọ́ńtírì àtijọ́, orin ìgbèríko Amẹ́ríkà, pọ̀ mọ́ ọn, àwọn èèyàn fẹ́ràn ẹ̀, àmọ́ àárín ọ̀gá méjì ò gún, ẹ sáà mọ bí báǹdì ṣe máa ń rí, ní 1994 wọ́n tú ká. Farrar gba ọ̀nà tiẹ̀ lọ, Tweedy kó àwọn tó ṣẹ́kù jọ, bí Wilco ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ìtàn jùjú ti máa rẹ́rìn-ín níbi tó wà yẹn, torí King Sunny Adé alára, inú báǹdì Moses Ọláìyá ló ti jáde kó tó dá tiẹ̀ sílẹ̀. Kò sí báǹdì ńlá kan tí ìjà ò bí.

Ohun tí ẹni tó kọ lẹ́tà yẹn ò mọ̀ ni pé àwọn Wilco yìí ti ń ṣe àwo oníméjì látìgbà tí wọ́n ṣì kéré. Ní 1996 wọ́n gbé Being There jáde, orin 19 nínú CD méjì. Ìyẹn sì jẹ́ àwo kejì péré tí wọ́n ṣe láyé! Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wọn tà á ò dunnú sí i, torí CD méjì máa wọ́n, ta ló fẹ́ fi owó ńlá ra báǹdì tí ò tíì lórúkọ. Tweedy ní kí wọ́n má tà á lówó CD méjì, kí wọ́n tà á bí ẹní ń ta ẹyọ kan, òun á fi lára owó tó yẹ kó máa wọlé sápò òun dí i. Ó sì fi sílẹ̀ lóòótọ́. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ rò ó wò, ọkùnrin tó fi owó ara ẹ̀ ra àyè fún orin ẹ̀ kó lè gùn bó ṣe fẹ́, ṣé ẹni tí ò mọ ohun tó ń ṣe nìyẹn?

Lẹ́yìn náà ni ti Yankee Hotel Foxtrot tó sọ wọ́n di olókìkí. Ní 2001 wọ́n parí àwo yẹn, wọ́n gbé e fún Reprise, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin wọn jáde nígbà yẹn, Reprise gbọ́ ọ, wọ́n ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n jẹ́ kí báǹdì máa lọ, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n gbé orin wọn dání. Tweedy àtàwọn èèyàn ẹ̀ bá gbé gbogbo ẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lófẹ̀ẹ́ nínú oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn, kẹ́nikẹ́ni gbọ́, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ orin ń bá íntánẹ́ẹ̀tì jà bí ẹni ń bá olè jà. Èrò ya bò ó. Nonesuch, ilé-iṣẹ́ orin mìíràn, bá ra àwo náà, wọ́n gbé e jáde ní oṣù kẹrin 2002, ó sì tà ju gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ lọ. Ibi tó ti wá dùn ni pé Reprise àti Nonesuch, ọmọ baba kan náà ni wọ́n, abẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá Warner làwọn méjèèjì wà, ìyẹn ni pé ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo ló sanwó àwo kan lẹ́ẹ̀mejì. Àtìgbà yẹn ni wọn ò ti fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ti ọ̀gá kankan mọ́. Nígbà tó di 2011 wọ́n dá lébẹ́ẹ̀lì (ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde) tiwọn sílẹ̀, dBpm, sítúdíò tiwọn tí wọ́n ń pè ní The Loft wà ní Chicago níbẹ̀, kódà wọ́n ní ọdún orin tiwọn, Solid Sound, tí wọ́n ń ṣe nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ àtijọ́ kan tí wọ́n ti sọ di ilé ọnà ní North Adams, ní Massachusetts. Ìparí ọ̀sẹ̀ Solid Sound gangan ni Cruel Country jáde.

Mo ń sọ gbogbo èyí torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Orin 21 yẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún wọn pé kí wọ́n gé e sí mẹ́wàá. Lébẹ́ẹ̀lì tiwọn ni, sítúdíò tiwọn ni, ọjà tiwọn ni. Olórin tó bá wà lábẹ́ ẹlòmíì, kì í ṣe òun ló ń pinnu bí orin ẹ̀ ṣe máa gùn tó, àwọn tó ń ka owó ló ń pinnu ẹ̀. Ká tó wá máa sọ pé àgbà olórin ò mọ ìwọ̀n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ béèrè pé ta ló ń wọn orin tàwọn ọ̀dọ́ fún wọn.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọnú àwo náà. Lásìkò kòrónà, kálukú wà nílé ẹ̀. Nígbà tí wọ́n tún wá lè jókòó pọ̀, iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n tiẹ̀ ń ṣe lọ́wọ́, iṣẹ́ tó díjú tó padà wá di àwo Cousin ní 2023, àfi bí orin kọ́ńtírì ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́nu Tweedy lọ́kọ̀ọ̀kan, ni wọ́n bá gbé èyí tí wọ́n ń ṣe sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọ yàrá kan náà ní The Loft, wọ́n sì jọ ń lù ú lẹ́ẹ̀kan náà: Tweedy lórí gìtá àti ohùn, John Stirratt lórí báàsì (ìyẹn ti wà pẹ̀lú ẹ̀ láti ayé Uncle Tupelo), Glenn Kotche lórí ìlù, Mikael Jorgensen lórí kíbọ́ọ̀dù, Pat Sansone tó ń lu ohunkóhun tí wọ́n bá gbé fún un, àti Nels Cline, bàbá onígìtá. Láti 2004 làwọn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí ti wà pọ̀, ẹnì kan ò kúrò, ẹnì kan ò wọlé. Bí wọ́n ṣe lù ú ni wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀, nǹkan díẹ̀ ni wọ́n padà fi kún un. Látìgbà àwo wọn Sky Blue Sky ní 2007, wọn ò tíì ṣe àwo kankan báyẹn.

Ẹni tó bá ti wọ sítúdíò òde òní rí á mọ ìyàtọ̀. Ní báyìí, ẹnì kan máa wà l'Ékòó, yóò fi bíìtì ránṣẹ́ sí ẹlòmíì ní London lórí WhatsApp, ìyẹn á kọrin sí i nínú yàrá ẹ̀, á dá a padà, onígìtá ò ní rí olórin láéláé, orin á sì jáde, á tún dùn o, n ò purọ́. Àmọ́ tí èèyàn mẹ́fà bá jọ ń lù nínú yàrá kan, tí onílù bá ṣì í, gbogbo wọn ló máa bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, tí onígìtá bá rí ohun tuntun kan lọ́nà, àwọn yòókù gbọ́dọ̀ tẹ̀lé e lójú ẹsẹ̀ torí kò sáàyè àtúnṣe. Ẹ gbọ́ Bird Without a Tail / Base of My Skull, ẹ máa gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ ti tán tí ọ̀rọ̀ gìtá wá bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó sáré, kò sẹ́ni tó ń gba iwájú lọ́wọ́ ẹnìkejì, wọ́n kàn ń lọ ni. Irú nǹkan báyẹn ò lè tán ní ìṣẹ́jú méjì ààbọ̀. Ìdí tí àwo náà fi gùn nìyẹn, nǹkan tí wọ́n ń ṣe ló ń jẹ àsìkò.

Kọ́ńtírì náà ńkọ́? Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ kan á ní kí ló kan Yorùbá níbẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn òbí yín! Ta ni ò mọ Jim Reeves nílẹ̀ wa? Ó kú nínú ìjàǹbá bàálù ní 1964, àmọ́ ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú ẹ̀ ni rédíò wa ṣì ń gbé e sáfẹ́fẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, òun àti Don Williams àti Kenny Rogers àti Dolly Parton, àwọn bàbá wa á ti múra ṣọ́ọ̀ṣì tán wọ́n á jókòó tì í, ẹni tí ò gbọ́ òyìnbó tó bẹ́ẹ̀ pàápàá á máa bá wọn kọ ọ́. Kò tán síbẹ̀ o. Gìtá tí wọ́n máa ń tẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n á máa fi irin ra okùn ẹ̀, tí ohùn ẹ̀ máa ń fà bí ẹní ń sunkún, tí Nels Cline náà fi ń ṣeré nínú Cruel Country yìí, ọmọ Hawaii kan tó ń jẹ́ Joseph Kekuku ni wọ́n gbà pé ó dá a sílẹ̀ níparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Láti Hawaii ló ti dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin kọ́ńtírì, nígbà tó yá ó dé ọ̀dọ̀ tiwa náà, Dèmọ́lá Adépọ̀jù ló ń lù ú lẹ́yìn King Sunny Adé, ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ àwo Juju Music ti 1982 mọ ohun tí mò ń wí, òun náà ni Paul Simon, olórin Amẹ́ríkà, sì pè kó wá bá òun lu gìtá yẹn nínú àwo Graceland ní 1986. Nítorí náà tí mo bá gbọ́ irin tó ń ra okùn lórí àwo Wilco, etí mi ò gbọ́ orin àjèjì, ará ilé ni.

Tweedy alára sá fún orúkọ kọ́ńtírì yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Látìgbà Uncle Tupelo làwọn oníwèé ìròyìn ti ń pè wọ́n ní oníkọ́ńtírì, wọn ò fẹ́ ẹ, wọ́n ń ṣe ariwo, wọ́n ń ṣe orin tó rúni lójú, kí wọ́n lè bọ́ nínú ẹ̀. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa jókòó pé ó dáa, kọ́ńtírì ni, ẹ jẹ́ ká ṣe é. Ó wá lo orúkọ yẹn fi gún orílẹ̀-èdè ẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nínú orin tó jẹ́ orúkọ àwo yìí, ó ní òun fẹ́ràn ilẹ̀ òun bí ọmọdékùnrin ṣe máa ń fẹ́ràn nǹkan, ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì sọ ọ́ sílẹ̀ pé ilẹ̀ náà gọ̀, ó tún rorò. Orin àkọ́kọ́, I Am My Mother, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń gba bọ́dà gúúsù wọ Amẹ́ríkà ni, àlá wọn ni wọ́n ń pè ní eléwu níbẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni ò ní ẹbí tó ti tò fún físà rí, tí wọ́n wo ojú ẹ̀ bí ẹni pé àlá tó gbé dání léwu? Nínú orin Hints, ó ní kò sí àárín gbùngbùn mọ́ nígbà tó jẹ́ pé ìhà kejì á kúkú pààyàn ju kó gbà fúnni díẹ̀ lọ. Ó sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, kò pariwo, kò sọ̀rọ̀ bí olóṣèlú, ìyẹn ló mú kó wọni lára.

Kì í ṣe ẹkún nìkan o. Falling Apart (Right Now) máa pa yín lẹ́rìn-ín, ọkọ tó ń bẹ ìyàwó ẹ̀ pé gbogbo nǹkan ti ń dà rú mọ́ òun lójú, jọ̀ọ́ má jẹ̀ẹ́ kó dà rú mọ́ ìwọ náà lójú lásìkò kan náà, dúró kó kàn ẹ́, gìtá sì ń jó lábẹ́ ẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n wà ní òde àríyá. A Lifetime to Find ńkọ́, ọ̀rọ̀ láàárín èèyàn àti Ikú ni, Ikú wá mú un, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ohùn orin náà sì fúyẹ́ débi pé tẹ́ ò bá fara balẹ̀ ẹ ò ní mọ̀ pé ikú ni wọ́n ń sọ. Àwa tí àwọn àgbà wa máa ń bá Ikú sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá àlejò sọ̀rọ̀, kò yẹ kí ìyẹn ṣòro fún wa. Èyí tí mo wá fẹ́ràn jù ni Many Worlds, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú mẹ́jọ, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́ra gan-an, dùrù àti ohùn tó ti rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìràwọ̀ ojú sánmà, lẹ́yìn náà ọ̀rọ̀ á tán, gìtá á wọlé, á wá máa lọ, á wá máa lọ, kò níbì kan tó ń kánjú dé.

Kì í ṣe pé gbogbo ẹ̀ ló dáa bákan náà. Tí wọ́n bá bi mí, The Empty Condor lè lọ, mi ò ní wá a. Lẹ́yìn tí Many Worlds bá tán, orin bíi mélòó kan á tẹ̀ lé ara wọn tó jẹ́ pé bákan náà ni ìrìn wọn, èèyàn lè sùn lọ, ohùn Tweedy sì tín-ín-rín, kì í ṣe ohùn Jim Reeves tó dà bí òróró yẹn, ó máa gba àsìkò kó tó mọ́ yín létí. Ẹni tó bá sọ pé ó yẹ kí wọ́n yọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, mo lè bá a gbà. Ṣùgbọ́n kó máa sọ pé wọ́n gbé 21 jáde torí wọn ò mọ èyí tó dáa, ìyẹn ni mo fi ń bá a jiyàn.

Ẹni yẹn tún ní etí wa ò gba nǹkan gígùn mọ́. Láti ìgbà wo? Nígbà ayé I.K. Dairo, àwo kékeré ló wà, orin ò lè ju bíi ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ torí àyè tó wà lójú àwo náà nìyẹn. Bí àwo ńlá ṣe dé, Olóyè Ebenezer Obey àti Sunny Adé gbé orin kan so mọ́ òmíì, ojú kan àwo á di odidi orin kan, bíi ogún ìṣẹ́jú, gángan á sọ tiẹ̀, gìtá á dáhùn, wọ́n á kí olówó kan, wọ́n á padà sórí àkọ́kọ́, kò sì sẹ́ni tó ní ó gùn jù. Gbogbo ilé ló ń gbọ́ ọ. Spotify ìsinsìnyí tá a ti ń gbọ́ orin lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó o bá ti gbọ́ 30 ìṣẹ́jú-àáyá wọ́n ti kà á fún olórin pé o gbọ́ orin ẹ̀, kí ló máa wá mú olórin ronú kan ìṣẹ́jú kẹjọ? Mo gbà pé àwọn kan wà tó ń kó orin 25, 30 jọ torí kí iye tí wọ́n ń kà lè pọ̀, wọ́n á tún fi mẹ́rin kún un lóṣù kejì kí wọ́n pè é ní dílọ́ọ̀sì, àwọn yẹn ni kẹ́ ẹ bá wí. Gígùn ti Wilco ò jọ ìyẹn rárá, kò sí orin kankan níbẹ̀ tí wọ́n ṣe torí kó lè jó lórí TikTok. Tẹ́ ẹ bá sì rò pé Tweedy gbọ́ ìmọ̀ràn pé kó lọ sinmi, ní oṣù kẹsàn-án 2025 ó dá nìkan gbé Twilight Override jáde, apá mẹ́ta, orin 30. Kí ẹni tó ní 21 pọ̀ lọ bá a sọ̀rọ̀.

Olóòtú, nǹkan kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ yín. Ojú ewé eré ìdárayá àti orin yín, mo máa ń kà á, àmọ́ ọ̀rọ̀ ta ló kọ ìyàwó, ta ló ra mọ́tò, ta ló bú ta, ló kún ibẹ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ fún wa ohun tó wà nínú orin. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá ẹnì kan lọ́fíìsì yín tó lè máa gbọ́ odidi àwo kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ì báà jẹ́ fújì, ì báà jẹ́ jùjú, ì báà jẹ́ ti òyìnbó, kó wá sọ fún wa lédè wa bó ṣe gbọ́ ọ, ibi tó dáa àti ibi tí ò dáa. Tí kò bá sẹ́ni tó lè ṣe é mo lè máa kọ ọ́ ránṣẹ́, n ò ní gba kọ́bọ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú Cruel Country nìyí o: ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí àkọ́kọ́, dátà ti wọ́n, ẹ kọ́kọ́ fi Falling Apart (Right Now) tọ́ ọ wò, ẹ gbọ́ A Lifetime to Find, kẹ́ ẹ wá gbọ́ Bird Without a Tail. Tí mẹ́ta yẹn ò bá ṣe yín ní nǹkan kan, ẹ fi sílẹ̀, kò sí ìjà. Tó bá sì ṣe yín, ẹ wá wákàtí kan àti díẹ̀ lọ́sàn-án Sunday, kẹ́ ẹ pa fóònù tì, kẹ́ ẹ padà sórí I Am My Mother.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn